Máìlì Méje Péré Ni

Ẹlẹ́yinjú, ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ṣé orí kì í fọ́ ọ mọ́? Àwa níbí wà láàyè, ọpẹ́ ni. Ẹni tí kì í sùn, tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, á bá mi ṣọ́ ọ, ojú rẹ ò ní ríbi. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà lórí, ṣòkòtò ilé ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti sá kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá o ti sanra.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa yìí ló jẹ́ kí n mú bírò. Látìgbà tí o ti kọ̀wé pé wọ́n gbà ọ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi tẹlifíṣọ̀n wo gbogbo ọ̀nà tó wọ ìgboro ni mo ti ń fi ojú mìíràn wò ó. Ó yẹ kí o mọ ohun tí ò ń ṣọ́. Ọdún tí mo parí ilé ìwé girama ni àwọn awọnlẹ̀ dé, tí wọ́n ń kan èèkàn pupa sáàárín ọgbà bàbá mi. Wọ́n ní ọ̀nà eré ni, ẹlẹ́sẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́: á gbéra láti ìgboro, á gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, á gba abẹ́ ojú irin, á fo odò kékeré, á kàn wá, á sì kọjá lọ sí ìlú tó wà lódì kejì odò ńlá. Bàbá rẹ wà lára àwọn tó ń da ọ̀dà, èmi ni mò ń ta omi tútù fún wọn. Nígbà tí ọ̀dà dé ẹ̀yìn ilé wa, ìjọba yí padà, àwọn tuntun ní owó afárá odò ńlá ti pọ̀ jù, wọ́n sì kó katakata wọn lọ. Ọ̀nà dúró, bàbá rẹ náà dúró. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i ni o kọ́kọ́ dá rìn. Máìlì méje péré ni, n ò mọ ohun tí wọ́n fi nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ sára pátákó ọ̀nà yẹn ṣe fún un.

Láàárọ̀ gbogbo àdúgbò á rọ́ wọ ìgboro, nírọ̀lẹ́ wọ́n á tún rọ́ padà. Ìwọ nìkan lo bá ti àárọ̀ lọ tí ìrọ̀lẹ́ ò tíì mú ọ bọ̀, oṣù mọ́kànlá rèé.

Mo mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ tí o di ẹrù, mo ní tí o bá ti lè kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, kí o má padà wá. Ẹnu ló sọ ọ́, inú ò bá a mọ̀ sí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù a sì máa gbé aṣọ ìbínú wọ̀. Lẹ́tà méjì ni mo kọ, ìlà mẹ́ta lo fi dá mi lóhùn. Ni mo bá rò ó pé bí ọmọ ò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ó ṣáà gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀.

Kámẹ́rà kan wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí ọ̀nà wa kọjá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin, mo máa ń wọ búláùsì aláwọ̀ ọsàn tí o fẹ́ràn yẹn, màá dúró níwájú ẹ̀, màá kí ọ, màá sì ro ìròyìn ilé. Mo na káàdì ìdánwò àbúrò rẹ sókè kí o lè kà á, àmọ́ mo fi àtàǹpàkò bo ìṣirò. Lọ́jọ́ kan mo ní tí o bá ti dárí jì mí, kí o yí ojú kámẹ́rà sọ́tùn-ún. Ó sì yí i! Agbálẹ̀ ojú ọ̀nà ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kódà ó ń ṣe é fún ewúrẹ́. Mo ní kó máa gbálẹ̀ ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ síwájú lórí irin ẹ̀gbẹ́ afárá kí o lè rí ojú mi dáadáa. Omijé ti wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń yọ́ bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ, ó ní Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kúrò níbẹ̀, ta ló ṣẹ̀ yín? Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ ọmọ mi. Ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn afárá. Ó ní obìnrin kan ló rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ́fíìsì, ó ń sunkún lórí fóònù pé kí wọ́n sáré lọ mú ìyá yẹn kúrò níbẹ̀.

N ò béèrè orúkọ ẹ̀. Tó bá lọ jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́?

Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà owó ni mo fẹ́ tọrọ, owó ọkọ̀ máìlì méje. Má fi ránṣẹ́ o. Fi sí àpò ara rẹ, fi wọ bọ́ọ̀sì, kí o sọ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí. Mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀nà á là fún ọ lálọ, á là fún ọ lábọ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde ò ní gbàgbé ilé.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Tí kì í bá ṣe ìwọ lo rí mi, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Sọ fún un pé mi ò fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi ni mò ń sún mọ́.