Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Kì í Ṣe Ọkọ̀ Àpatì

Ilé Kẹrin, Àjà Ìsàlẹ̀,
Ọgbà Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ọgbà,
Ọ́fíìsì Ẹnu Géètì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE WỌ́ ỌKỌ̀ NỌ́Ọ̀SÌ LỌ NÍ ỌJỌ́ ẸTÌ

1. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún tí ẹ fi ìbò gba ipò alága lọ́wọ́ mi, mo kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ọgbà fún yín lójú gbogbo èèyàn, àfi ẹyọ kan: kọ́kọ́rọ́ àpótí iná tó wà lára ògiri ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ní àpótí náà ti jóná. Kò jóná. Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ kí nǹkan kan dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn mi, kí àwọn èèyàn lè sọ pé ìgbà tèmi sàn jù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí iná lò níbẹ̀.

2. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè mi ló ni ọkọ̀ tí ẹ lẹ ìwé pupa mọ́. Epo ni ọkọ̀ náà ń lò, ó sì tún ń lo iná tí a ń ṣáájì sínú rẹ̀ bíi ti fóònù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ nílùú mìíràn, ó sì lọ tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò pa ọkọ̀ rẹ̀ tì. Ó fi iná bátìrì ńlá sí ìdajì, ó rọ epo kún táǹkì, ó fún táyà ní afẹ́fẹ́ dáadáa, ó fi igi há wọn dípò bíréèkì ọwọ́ tó lè gan, ó sì fi tapólì bo gbogbo rẹ̀ nítorí oòrùn àti òjò.

3. Ohun kan ló kù. Irú ọkọ̀ yẹn ní bátìrì kékeré tó ń jí i lójú oorun. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, bátìrì yìí á kú, bí ti ńlá tilẹ̀ ní iná. Ó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fún un níná díẹ̀díẹ̀, ó sì wá bá mi, torí ìmọ̀ iná mànàmáná ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ṣé àpótí ara ògiri yẹn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ni?” Mo ní, “Ọmọ mi, ìyẹn ti kú tipẹ́.” Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fara tì.

4. Bátìrì kékeré náà kú lóòótọ́. Kí ó tó kú tán, ọkọ̀ ń ké ṣáá títí gbogbo ọgbà fi kórìíra rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ “Olóògbé” sára tapólì. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

5. Òfin tí ẹ dì mú ni pé ọkọ̀ tó bá wà lójú kan fún oṣù kan ti di àpatì. Èmi ni mo kọ òfin náà, mo sì mọ èyí tí mo ní lọ́kàn: ọkọ̀ tí kò ní táyà, tí kò ní olúwa, tí koríko ti hù nínú rẹ̀. Kì í ṣe èyí. Bí ẹ bá sì wọ́ ọ tí táyà rẹ̀ ń yí nílẹ̀, ẹ̀rọ iná inú rẹ̀ lè bàjẹ́. Òun ló ń gbé nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí kò tíì sí bọ́ọ̀sì. Kò yẹ kó jìyà irọ́ mi.

6. Mo ti jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù. Ó wá ní, “Bàbá, ẹ kọ̀wé sí wọn.”

7. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ìwé pupa náà, kí ẹ sì rán oníṣẹ́ iná wá ṣí àpótí. Okùn ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lábẹ́ tapólì, iná nìkan ló ń retí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níwájú ìpàdé, mo ti múra.

8. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí. Òwú pupa tí ẹ̀yin fúnra yín so mọ́ ọn, nígbà tí ẹ jẹ́ akọ̀wé mi, ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. N kò tú u.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà mi dópin.

Èmi ni tiyín, lọ́tẹ̀ yìí tọkàntọkàn,

Bàbá Tíṣà,
Alága tẹ́lẹ̀ rí.