Igi Obì Bàbá Mi àti Òdòdó Ilé Pásítọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹsàn-án, 1909

Mojọlá ọmọ mi ló ń kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Òyìnbó obìnrin kan — Onífìlà Ńlá ni mo ń pè é — fún Ìyáàfin Edith, ìyàwó Pásítọ̀ Hezekiah, ní igi òdòdó kan. Wọ́n gbìn ín sẹ́bàá igi obì bàbá mi. Ilẹ̀ ni bàbá mi fún ìjọ, kò fún wọn ní igi. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Ọdún méjì, òdòdó kò yọ. Pásítọ̀ ní òjìji obì ni kò jẹ́ kó rí oòrùn, òun máa gé e. Mo ní kó kọ́kọ́ gé mi.

A ṣe àdéhùn. Bí òdòdó bá yọ kí Onífìlà Ńlá tó bẹ̀ wọ́n wò ní Oṣù Kejìlá, igi obì dúró. Bí kò bá yọ, àáké.

Èmi ọmọ àgbẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ kí ewúro rú, a máa rẹ́ ẹ lórí. Mo gé igi òdòdó náà dé orúnkún. Pásítọ̀ dúró tì mí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ewé, ewé, ewé. Ká ní ẹ̀fọ́ ni, à bá ti sè é.

Pásítọ̀ ti ra àlùmọ́gàjí tuntun ní Gbági. Gbogbo Àbámẹ́ta ló ń gé igi òdòdó náà yípo, kó lè dọ́gba bí orí ọmọ ilé ìwé. Orúkọ rẹ̀ láti òní: Alálùmọ́gàjí.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo rí i. Ẹ̀ka kan sá sẹ́yìn ìdí igi obì. Àlùmọ́gàjí kò dé ibẹ̀, àdá mi pàápàá kò dé ibẹ̀. Ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni. Ó ti rudi lórí, bí orí ìka ọmọ ọwọ́.

Ara ẹ̀ka àgbà ló ń yọ òdòdó. Ẹ̀ka tuntun kò mọ̀ ju ewé lọ. Èmi ni mo gé òdòdó náà dànù. Èmi ni mo kọ́ Alálùmọ́gàjí.

Mojọlá rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Alálùmọ́gàjí, mo ní kó jáwọ́.

Ó ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní bí ewúro ni?”

Mo ní mo ń dán an wò ni.

“Ìdánwò ọ̀hún mà pẹ́ o, Bàbá!”

Ó ní bí mo bá lè sọ pé mo ṣìṣe, òun á gbé àlùmọ́gàjí jù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyáàfin Edith ń fi ìbòrí bo ẹnu rín ẹ̀rín. Mo padà sílé.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹwàá

Mi ò ní sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Mo fi àgò adìẹ bo ẹ̀ka náà, mo kó ewé obì gbígbẹ sí i nídìí. Mo ní adìẹ mi ń sàba níbẹ̀, ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹwàá

Alálùmọ́gàjí gé gbogbo èyí tó kù. Ó bèèrè adìẹ. Mo ní ojú ń tì í.

Ó ní, “Láti ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?”

Mo ní adìẹ ilé wa kì í kánjú.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kejìlá

Mo ṣí àgò. Òdòdó! Ó tóbi ju orí mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ aró tó ti ṣá díẹ̀.

Alálùmọ́gàjí sáré wọlé, ó gbé ìwé alápèjúwe òdòdó jáde. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló wà nínú àwòrán.

“Bàbá, èyí kọ́. Èyí ń ṣàìsàn.”

“Ó yọ àbí kò yọ?”

“Ó yọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.”

Wọ́n ti ń pọ́n àáké. Ọjọ́ Ajé ni Onífìlà Ńlá ń bọ̀. Bó bá ti padà sílé, wọn á gé igi obì.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kejìlá

Onífìlà Ńlá dé. Ó rí òdòdó náà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Mojọlá túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: nílé wọn, àwọn èèyàn ń ri ìṣó tó dógùn-ún mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó di aláró, kì í gbọ́. Ó ní ta ló ṣe èyí?

Pásítọ̀ wúkọ́. Ó ní, nípa oore-ọ̀fẹ́, òun ni.



Onífìlà Ńlá ní báwo ló ti ṣe é? Òógùn bo Pásítọ̀. Ó wojú mi. Ó ní, “Bàbá yìí… olùrànlọ́wọ́ mi ni. Bàbá, ẹ ṣàlàyé fún wọn.”

Mo ní, “Òjìji igi obì ni. Pásítọ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má fàáké kàn án láéláé. Àbí mo purọ́ mọ́ yín, Pásítọ̀?”

Ó wo igi obì, ó ní, “Ẹ ò purọ́, Bàbá.”

Onífìlà Ńlá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Igi dúró. Ohun tó sọ òdòdó di aláró, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò mọ̀ ọ́n.