Ẹni Tó Rán Ètè Lazar Ti Di Ẹbí Wa

Vukota, ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ, Jagoda aya rẹ kí ọ, màlúù méjèèjì náà wà láàyè. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkun ìlú Bar tí o ti ń ṣiṣẹ́ gbé ọ lọ. A ti kó koríko wọlé, òjò ò bà á jẹ́.

Wọ́n ti rán ètè Lazar ọmọ rẹ nílé ìwòsàn ní Podgorica. Ibi tó là dé ìsàlẹ̀ imú ti pàdé. Dókítà Bećir ló ṣe é. Wọ́n ní Lazar ò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú, díẹ̀ ló kù kí ìyá rẹ bá wọn jà. Mo gbé ìgò ọtí líle rakija mi jáde pé kí wọ́n kán an sí i lẹ́nu kó má baà jẹ̀rora, dókítà ní àwọn ní oògùn oorun tiwọn. Mo ní kí òun alára wá mu ún kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, ó tún kọ̀. Síbẹ̀ ó rán an dáadáa.

Mo wá sọ fún un pé òun ni kum wa báyìí, ìyẹn ẹni tó ń gé irun ọmọ nígbà àkọ́kọ́ tó sì ń di ará ilé, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ fi irin kan orí ọmọ ti di ẹbí títí ayé. Ó ní irun ni wọ́n ń gé, kì í ṣe ètè. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ni ètè wà ni? Ó ní Mùsùlùmí lòun. Mo ní Mùsùlùmí ni kum bàbá mi àgbà, òun ló parí ìjà ilẹ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá gé irun náà lọ́jọ́ Sunday.

Jagoda fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, ó ní àmì méjì ti di búlúù, o ti rí i nìyẹn. Mo wọ ẹ̀wù tó mọ́, mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, torí ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́nà nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà ò dára.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́, ìdí tí iṣẹ́ rẹ fi pọ̀ látìgbà tí a ti bí i nìyẹn. Wọ́n ní torí Jagoda wo ehoro nígbà oyún ni ètè ọmọ fi là bíi tirẹ̀. Dókítà ní irọ́ ni, kò sí ẹ̀bi ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo fẹ́ owó àgbò kan àti ti ẹ̀wù tí a ó fún kum. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ owó inú ògiri ní ìlú Žabljak ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, mo bá tèmi lọ. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá, torí bàbá ọmọ ló ń gbé ọmọ lé kum lọ́wọ́, bàbá àgbà ò lè ṣe é.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ yá. Ẹ̀rín Lazar àtijọ́ fẹ̀ ju tuntun yìí lọ, ìyá rẹ ní ti àtijọ́ náà ṣì ń wu òun, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ọmọ náà ń rín ẹ̀rín tuntun sí. Ìwọ nìkan ló kù.

Èmi bàbá rẹ,
Milutin