Sátidé Tí Ìyàwó Mi Rí Láìsí Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé gbágungbàgun; ẹ̀yin náà lẹ mú mi kúrò ní sùkúù kí n lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Mo ti pé méjìlélọ́gọ́ta, ọjọ́ orí tí ẹ fi dágbére fún wa. Bàbá tiyín náà ò kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Pápá Àjàó pé èmi ló kàn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Mo yan ẹni tó máa sunkún jù, mo sì kìlọ̀ fún àbúrò mi pé láyé Sáàpù tí ìjọba fi sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n yìí, ẹran ìnáwó mi ò ní tóbi ju èékánná lọ. Àmọ́ lábẹ́ yẹ̀yẹ́ náà, Bàbá, mo gbà á gbọ́. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá tó ń dà mí láàmú, pé bó bá há, ó lè pa mí. Mo ní ta ló ń tún ilé tó fẹ́ kó jáde nínú rẹ̀ ṣe? Ìyá Dúpẹ́, aya mi, bẹ̀ mí títí, ó sú u.

Ló bá fà mí lọ sí kíláàsì kan ní gbọ̀ngàn ìjọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ọmọdébìnrin kan tó kàwé, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ń kọ́ àwa àgbà bí a ṣe ń fojú inú wo ọjọ́ iwájú ara wa. Mo bi í bóyá ó máa ń na ẹni tó bá pẹ́ dé. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí a bá bi yín pé kí lẹ máa jẹ lọ́la, ẹ ó ní ẹni tó bá jí ni í jẹun.

Ó ní ká mú Sátidé kan ní ọdún márùn-ún sí i, ká sọ bí yóò ṣe rí láti ìgbà tí a bá jí. Bàbá kan dìde, ó ní òun á ti kọ́lé, ilé náà ò sì ní jó. Gbogbo wa ṣe àmín. Ẹnì kejì ní àwọn ọmọ òun á ti dé òkè òkun. Àmín. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Àǹtí ní òun ò ní ká gbàdúrà. Aṣọ wo lẹ wọ̀? Ta ló wà nílé? Orúnkún wo ló ń dùn yín? Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúnkún rẹ̀.

Ó kan Ìyá Dúpẹ́. Ó rọra sọ tirẹ̀: òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ń ṣa ẹ̀wà, rédíò ń sọ̀rọ̀, ife tíì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo ń retí kí n wọlé, n kò wọlé. Mo bá bi í pé èmi wá dà, ṣé mo ti lọ sílé ìyàwó kékeré ni.

Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ ò ní sí níbẹ̀. Mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa dá jókòó."



Ó kàn mí, mo dijú, òkùnkùn ni mo rí. Àǹtí ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì? Mo ní òsì. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, mo rí ṣòkòtò tó ti ya nídìí. Mo rí ara mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń bú ẹni tó gé pákó wọ́. Mo rí ife tíì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Dúpẹ́. Ọjọ́ orí ẹni tó ń mu ún jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ orí àga bàbá rẹ̀.

Ṣé ẹ̀yin náà ti ń ka ọdún bẹ́ẹ̀? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ran aṣọ ọdún lọ́dún tí ẹ lọ? Ahun la pè é. Ó dùn mí pé n kò bi yín.

Mo ti buwọ́ lùwé ní ọsibítù. Ọjọ́ Túsìdé ni wọ́n máa là mí. Ìyá Dúpẹ́ bá mi di etí ìwé náà mú. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀ràn kan ló kù. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo di ẹ̀gbọ́n yín. Tí a bá wá pàdé, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta? Ẹ máa rò ó. Kò sí ìkánjú.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó fẹ́ fi ọjọ́ orí jù yín lọ.