Mi Ò Yadi

Bọ̀dá Tìmílẹ́hìn,

Ẹ̀bà yín wà nínú kúlà. Mo ti lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìjàyè. Àwọn ló kọ́ mi pé èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́, kó máa pe Jésù lọ́kàn bó ṣe ń mí. Ohun tí mò ń ṣe láàárọ̀ yìí nìyẹn, tí ẹ fi sáré pe wòlíì yín pé mo ti yadi. Ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú sí mi lójú, tòun ti òórùn ẹja. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àdúrà ni mò ń gbà." Ni ẹ̀yin méjèèjì bá pariwo pé Ọlọ́run ti là mí lóhùn.

Ó rí mi lára gan-an. Mo ti bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò ní jẹ́rìí kankan lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí wòlíì bá béèrè mi, ẹ ní mo tún ti yadi.

Moyọ̀sọ́rẹ