Ẹ̀rọ Tó Ń Fún Ẹ̀jẹ̀ Ní Máàkì

Agbówá,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kejìlá, ọdún 2008.

Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Adéṣínà ọkọ rẹ ńkọ́, Oríyọmí ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn? Ọkọ̀ tó ń gbé yín láti Ìkòròdú lọ sí Èkó láràárọ̀ kò ní já yín jù sójú ọ̀nà, ibi tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà yín, a kò ní gbọ́ aburú nípa yín láṣẹ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù tí o rà fún mi pè ọ́. Fóònù náà wà lórí àpótí, ó ń sinmi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìwọ náà á máa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni bàbá. Lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló gbé mi dé ìdí bírò. Láti ìgbà tí dókítà ti ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, tó ní kó má fojú kan ṣúgà mọ́, ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́. Ògì tí kò bá ti ní ṣúgà, ó ní ẹnu òun kò gbà á, ó ní omi ìfọbọ́ ló jọ. Ó wá ń rù, ìró tó ń yí i po lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Àyà mi já, mi ò ní purọ́ fún ọ, torí mo rò pé ebi ni yóò pa á kí àìsàn tó ráyè. Ní ti ṣúgà tó kù nílé, kó má baà máa wọ̀ ọ́ lójú, èmi ni mo ń bá a jẹ ẹ́, hóró márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, bó bá sì tán mo máa ń ra òmíràn kí n lè máa gba ìdánwò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rere ni mí.

Mo wá rántí àlàyé tí o ṣe fún wa nígbà ọdún Ìtúnu-Ààwẹ̀. O ní ní ọsibítù tí ẹ ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò, ẹ ti mọ̀ pé àwọn ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ kan wà lórí ahọ́n tí adùn ń kàn kí èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan dùn. O ní ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá lèèyàn ti ń jogún bí ilẹ̀kùn náà ṣe rí, pé ó wà lára ohun tó fà á tí hóró ṣúgà kan fi tó ẹnìkan tí márùn-ún kò sì tó ẹlòmíràn. O ní irú rẹ̀ tún wà nínú ìfun. Nínú ìfun, Ìbíjọkẹ́! Ta ló ń tọ́ nǹkan wò níbẹ̀? Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ìyá rẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fún ọ ní ahọ́n tí o fi ń lá ṣúgà nínú agolo ní kékeré. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ló ti wá, nílé ìyá rẹ, torí àwọn ẹbí rẹ̀ kì í mu gààrì àfi bí ṣíbí bá dúró ṣinṣin nínú ṣúgà. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ wo ẹnu ara mi ná.

O tún ní ológbò kò ní ilẹ̀kùn náà, pé kò mọ adùn rárá. Mi ò gbà ọ́ gbọ́. Mo po omi ṣúgà, mo gbé e fún ológbò wa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, ó lọ. Mo gbé orí ẹja síbẹ̀, ó padà wá. Ha! Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń yìn ín káàkiri àdúgbò pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé, pé kì í jí ṣúgà jẹ, àṣé kò mọ̀ ọ́n lóhun tó dùn ni. Mo bá gbé omi ṣúgà náà mu.

Níbi tí mo ti ń rò ó ni èso àgbáyun ti sọ sí mi lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni lóòótọ́, a jẹ́ pé àgbáyun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń jẹ ẹ́ nínú igbó, a ó wá fa ọsàn wẹ́wẹ́ mu tẹ̀lé e, kíkan rẹ̀ á sì di adùn lẹ́nu wa. Mo wọ igbó etí odò lọ, mo ká a wá, mo ní kí ìyá rẹ jẹ ẹyọ kan kó tó mu ògì kíkan láìsí ṣúgà. Ó ń wò mí tìfura-tìfura. Ó mu ṣíbí kan, ó gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu ún kanlẹ̀, ó wá ní kí n búra pé mi ò fi ṣúgà sí i. Mo búra. Ó bu òmíràn.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ahọ́n ti gbà pé ṣúgà ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà kò ní gbà á gbọ́? Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí o fi ránṣẹ́ jáde, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ìka, à ń gún ìyá rẹ láràárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò gba irọ́ o! Nọ́ńbà rẹ̀ tó máa ń lé ní igba tẹ́lẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé 126, ara rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀. Ahọ́n nìkan ni àgbáyun rí tàn jẹ.

Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní máàkì báyìí, kò yẹ kí ìyá rẹ nìkan máa ṣe ìdánwò. Mo pe Làtífù, aládùúgbò wa. Ó gba 92, ìyàwó rẹ̀ gba 88, ewúrẹ́ kò gbà fún wa. Èmi gún tèmi, mo gba 348! Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí ti ìyá rẹ máa wálẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn lòun, èmi tí ara mi le, mo gbà pé agbára ló ga tó bẹ́ẹ̀. Làtífù bínú, ó ní ẹ̀rọ náà ń ṣojúsàájú torí ọmọ mi ló rà á. Mo ní kó lọ máa jẹun dáadáa. Òùngbẹ ṣáà ń gbẹ mí lákòókò yìí, mo sì ń jí tọ̀ ṣáá lóru, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ibẹ̀ ni ǹ bá parí lẹ́tà yìí sí, kí n kàn yangàn fún ọ. Àmọ́ lánàá, nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá wá wo ìyá rẹ, ó yìn ín. Mo ní kó wá wo tèmi náà, mo gún ìka lójú rẹ̀ kó má baà ní mo purọ́. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó jókòó. Ó ní kì í ṣe máàkì nìyẹn, pé àìsàn ìyá rẹ ló ń ṣe èmi náà, tèmi tilẹ̀ le ju tirẹ̀ lọ, ọ̀la kò sì gbọdọ̀ kọjá kí n tó dé ọsibítù. Ó ní ó lè ti wà nínú ìdílé wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà tí mo ń jẹ ń fẹ́ná sí i. Ẹ̀rù bà mí, Ìbíjọkẹ́. Mi ò sùn dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, mo ń retí kí ìyá rẹ ní òun sọ bẹ́ẹ̀. Ògì kíkan ló gbé síwájú mi, ó fi ẹyọ àgbáyun kan sétí abọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n tó mu ún. Mo jẹ ẹ́, mo mu ún, ó dùn. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ọyẹ́ ni.

Jọ̀wọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní ibùdókọ̀ Benson ni kí o kó o fún, má fi sí báńkì, torí nígbà tí mo lọ síbẹ̀ wọ́n ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí wá, bẹ́ẹ̀ gbogbo Agbówá ló mọ̀ mí. Fi ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń mu ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, Làtífù ti fi àtúnṣe ìdánwò rẹ̀ lò ó tán.

Ìjà ahọ́n ti parí láàárín èmi àti ìyá rẹ. A kò mọ ẹni tó fún ọ nínú wa mọ́, ó lè jẹ́ àwa méjèèjì. Nítorí náà, gún ìka ìwọ náà, kí o sì kọ nọ́ńbà rẹ sí mi. Nígbà tí o wà níléèwé, ipò kìíní ni mo máa ń tọrọ fún ọ, bí o bá sì ṣe ipò kejì, inú mi kì í dùn. Lórí ẹ̀rọ yìí, ọmọ mi, mo kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run, kó jẹ́ kí ìwọ àti Oríyọmí gba ipò ìkẹyìn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó gba ipò kìíní,
Bùsàrí.