Láwàní Bàbá Oníṣíbí

Ajé, 6 oṣù kẹta
Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí: ọmọbìnrin tá a jọ ń gbé yàrá, tó yá mi ní ṣíbí lọ́jọ́ tí mo dé. Oníṣíbí ni mo ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan. Ó ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Omi ẹ̀rọ tí kì í gun àjà kẹta ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti rẹ gbogbo wa láti máa ru bọ́kẹ́ẹ̀tì gun àtẹ̀gùn. Mo rò pé ó ti wọlé tán.

Ọjọ́rú, 8
Wọ́n ti kọ nǹkan sára àwòrán ìpolongo rẹ̀. Nílé àwa obìnrin, níbi tí oníṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí: "Ọmọ lèmọ́ọ̀mù ni o!" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí: "Ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Yíǹkì pupa kan náà, ọwọ́ kan náà — mo rí i, n ò lè sọ.
Bàbá rẹ̀ ni lèmọ́ọ̀mù lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní nílé àwọn, bàbá ló máa ń jí ìyá, kó má baà pẹ́ dé ìsìn.

Ẹtì, 10
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè omi mọ́.

Àìkú, 12
Ọkùnrin tó ń bá a polongo — Mo-ti-mọ̀ ni mo ń pè é — jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi láì tọrọ àyè. Ó sọ fún Oníṣíbí pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù, kí bàbá má yọjú títí a ó fi dìbò. "Láwàní yẹn á fún wa lọ́rùn pa, àǹtí mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Oníṣíbí pe ilé, ohùn jẹ́jẹ́. "Bàbá mi, ẹ má bínú…" Mo bọ́ síta.

Ìṣẹ́gun, 14
Bàbá wá náà. Oníṣíbí ní kí n sọ pé òun ò sí.
Mo wá láwàní títí lẹ́nu géètì, n ò rí i. Bàbá kan ló dúró níbẹ̀, kò wé nǹkan kan sórí, irun funfun, ó ń fọwọ́ bo iwájú orí bí ẹni tó wà níhòòhò. Láwàní wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa.
"Ìwọ lẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn? Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ o."
Mo ní kò sí nílé. Ó gbójú sókè wo fèrèsé wa. Kọ́tìnì mì.
"Ó dáa. Sọ fún un pé mo ṣí i lórí. Kò sẹ́ni tó dá mi mọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 16
Oníṣíbí wọlé ìbò. Wọ́n gbé e lé èjìká yí ọgbà po. Nígbà tá a padà sí yàrá, fóònù rẹ̀ dún. Gbogbo wa la gbọ́ bàbá, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀:
"Ààrẹ mi! Ṣé mo ti lè wé láwàní mi wá báyìí?"
Mo-ti-mọ̀ mirí. Oníṣíbí wò ó, ó wò mí, ó wolẹ̀.
"Ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀, bàbá mi."
Mo lọ fọ ṣíbí tó yá mi. Mo nù ún gbẹ. Mo gbé e sórí ìrọ̀rí rẹ̀.